Aṣọ Ìgbọ̀nwọ́ Mẹ́wàá Tí Ẹni-Àìrí Béèrè

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tó fẹ́ húkọ́ kó hú u tán báyìí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe ọdẹ. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ojú ara wa rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni n ó sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí ojú rẹ̀ sì rí ohun tí ojú tèmi kò rí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì ta kora.

Ọmọ Ìdí-Èlú ni Ọdẹ́jìnmí. Ìlú ahunṣọ ni Ìdí-Èlú nígbà náà, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè bí wọ́n bá fẹ́ hun aṣọ tí wọn kò fẹ́ kí ó já wọn kulẹ̀. Ní ọdún kan tí ọ̀dá mú, àpáta ńlá kan já láti orí òkè, ó jókòó sórí ìsun omi kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ń mu. Igba ọkùnrin ló tì í, kò mira. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ọmọdé ti ń lá ìrì lára ewé, ohùn kan jáde láti inú igbó, ó gba gbogbo ìlú kan, ìkòkò mì lórí àdògán.

Ohùn náà ní, “Ẹ ó fún mi ní aṣọ tó gùn ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta. Èmi ó sì gbé òkúta yẹn kúrò.”

Baálẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán kó tó gbà. Ohùn náà wá ní kí gbogbo wọn wọlé, kí wọ́n sé ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọjú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ èémí kan péré, bí ẹni tó gbé ẹrù tí kò wúwo. Nígbà tí wọ́n jáde, omi ti ń ṣàn, àpáta náà sì wà lórí òkè kejì, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí obìnrin gbé ìṣà kalẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi san án. Nígbà tí aṣọ tó àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́, Baálẹ̀ pe àwọn ìjòyè rẹ̀, ó ní, “Ó ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá, kò sọ ìgbọ̀nwọ́ ta ni.” Ìyàwó Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà kò ju ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde, wọ́n na apá rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dé orí ìka àárín rẹ̀, wọ́n fi wọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwẹ̀ró ni wọ́n ní kó gé e. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ṣùgbọ́n ó gé e, nítorí Baálẹ̀ ló pàṣẹ. Wọ́n lọ fi aṣọ náà sí etí igbó, kò tó ohun tí àgbàlagbà lè ró.

Ní ọjọ́ kẹta, Àwẹ̀ró lọ já ewé èlú, kò padà wálé. Agbọ̀n rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Orí ẹ̀ka tó ga jù lọ lára igi àràbà ni ó wà, níbi tí ọwọ́ ènìyàn kankan kò lè dé.

Ọdẹ́jìnmí fa ọmọbìnrin rẹ̀, Ìbíyẹmí, lé ìyá tirẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé ìbọn, ó gbé àpò. Baálẹ̀ wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ojú tì í, ó ń wí pé òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò dà báyìí.

Ọdẹ́jìnmí ní, “Baálẹ̀, n kò ní bínú sí yín lónìí. Bí mo bá bínú, ẹsẹ̀ mi kò ní gbé mi.” Ó sì wọ igbó lọ.

N kò ní ka igi tó kọjá fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó náà kì í ṣe irú èyí tí ẹ mọ̀. Igi ibẹ̀ ń kọ ẹ̀yìn síra wọn bí ẹni tó ń jà. Ẹyẹ ibẹ̀ ń fi ohùn àwọn ọmọ tí a kò tíì bí kọrin, ọ̀kan sì ń pe Ọdẹ́jìnmí ní bàbá ńlá bàbá mi. Ibi tí ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà á gan-an ni ẹnu bodè Ìlú Kíńkín.

Irà ló wà lọ́tùn-ún, irà ló wà lósì, àárín ìlú yìí nìkan ni ọ̀nà gbà. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ, odi wọn kò sì ju ìbàdí rẹ̀. Nígbà tí ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a, torí kó tó rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ti fi òwú tín-ín-rín tó le ju irin lọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fà á ṣubú gbì. Ọkùnrin méjìlá gbé ayùn dé.

Ọba wọn fúnra rẹ̀ jáde, ó wọ adé tó dà bí ife ẹ̀kọ. Ó ní, “Àlejò, òfin wa kò le. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gba ìlú wa kọjá kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin lọ. Ohun tó bá lé, a ó gé e. Lẹ́yìn náà o lè máa lọ ní àlàáfíà.”

Ọba gbé apá rẹ̀ lé gìgísẹ̀ Ọdẹ́jìnmí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, àwọn ìjòyè ń kà á. Nígbà tí wọ́n dé àtàrí rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ariwo sọ. “Méjìlá ló lé!” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ṣé láti ẹsẹ̀ ni kí wọ́n ti gé e ni àbí láti orí. Ìyá àgbà kan ní ẹsẹ̀ ló dára jù, nítorí ẹnu ni yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ṣe é tán.

Ayùn ti kan awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí Ọdẹ́jìnmí tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó kígbe pé, “Kábíyèsí! Òfin yín, ìgbọ̀nwọ́ ta ni ó wí?”

Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ojú tì í. Ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ẹni tó ṣe wọ́n lóore jẹ. Ó sì ti di ohun tí òun náà ń fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ọba nawọ́ dá ayùn dúró. Ó ní kí wọ́n lọ pe bàbá arúgbó tó ń tọ́jú òkúta òfin. Bàbá náà dé, ó fi ìka tọ àwọn àmì tó wà lára òkúta náà, ó ní, “Kábíyèsí, a kò ka apá ìsàlẹ̀ yìí láti ìgbà bàbá ńlá yín, torí kò sí àlejò tó wá. Ó wà níbí pé ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń kọjá. Ẹni tí òfin náà ń lé sẹ́yìn ni ẹni tó bá na ara rẹ̀ ju bí a ti dá a lọ.”

Wọ́n tú apá ọ̀tún Ọdẹ́jìnmí. Wọ́n fi okùn gba gígùn rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka àárín, wọ́n fi okùn náà wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀. Ọ̀kan. Èjì, ó dé ìbàdí. Ẹ̀ta, ó dé àyà. Ẹ̀rin, orí okùn náà sì dúró sí àtàrí rẹ̀ gẹ́ẹ́, kò lé, kò dín.

Ọba bọ́ adé rẹ̀, ó sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́jìnmí, ó ní kí wọ́n fi apá òun wọn òun. Mẹ́rin. Wọ́n wọn olorì. Mẹ́rin. Wọ́n wọn aṣọ́bodè, wọ́n wọn ìyá àgbà tó ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn. Ọba dìde jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé àṣẹ̀ṣẹ̀rí ni.

Ó ní, “Ẹni tó dá ọ ni ó dá mi.”

Ọdẹ́jìnmí tó rẹ́rìn-ín ní ẹnu bodè ń wo àwọn ènìyàn kékeré wọ̀nyí, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n fún un ní oúnjẹ nínú igba àwo kó tó yó, wọ́n sì sìn ín sọ́nà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Bí ó bá jókòó sinmi, yóò to ìka lé ara apá rẹ̀. Ó rí i pé ìbú ìka mẹ́rin ni ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó rí i pé bí òun bá ya ọwọ́ òun gbàgà, láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka ọmọńdinrín, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ni. Ọwọ́ yíyà méjì sì ni ìgbọ̀nwọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́fà nìyẹn nínú ìgbọ̀nwọ́ kan, mẹ́rìnlélógún nínú odidi ènìyàn. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí ara igi, ó sàmì sí orí ìka ìhín àti orí ìka ọ̀hún, ó sì fi gígùn rẹ̀ wé ìdúró ara rẹ̀. Ọgbọọgba ni. Ó ní ẹ̀rù ba òun nínú igbó yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù ẹranko, bí kò ṣe pé òun ti ń gbé inú ilé kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò sì mọ̀ pé ẹni tó kọ́ ọ ka gbogbo òpó rẹ̀.

Ibi tó ti ń ronú báyìí ni ọwọ́ kan ti gbá a mú níbàdí.

Láti ara igi kan ni ọwọ́ náà ti yọ, èèpo igi ni awọ rẹ̀. Ó gbé Ọdẹ́jìnmí sókè bí ẹni gbé ọmọ ológbò. Lókè pátápátá lára igi náà, ojú obìnrin arúgbó kan wà, ojú náà nìkan, àti ọwọ́ kan yìí. Igi ti bo gbogbo ìyókù.

Obìnrin náà ní, “Ọmọ mi, má bẹ̀rù o, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Mo jókòó sábẹ́ igi yìí láti sinmi nígbà tí ó kéré, oorun gbé mi lọ, igi sì gbé mi mì. Ó gbé mi nàró bí ó ti ń dàgbà. Ó ti pẹ́ tí n kò ti mọ bí mo ti ga tó mọ́. N kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́. Sọ ibi tí mo parí sí fún mi. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni mo ti bi, irọ́ ni gbogbo wọn pa.”

“Àwọn náà dà, ìyá?”

“Mo rún wọn,” ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá bí ewúrẹ́ bá sín, kí ni ẹ bá ṣe? Ẹ má dá mi lóhùn. Ọdẹ́jìnmí fa okùn jáde nínú àpò rẹ̀. Ó fi wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ tó dì í mú, láìka àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ó ṣẹ́ okùn náà po lórí ìwọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, ó ta kókó sí ìparí rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ gbé mi dé orí yín.” Ó di orí okùn mú ní àtàrí rẹ̀, ó ju ìyókù sílẹ̀. Okùn náà yí lọ sísàlẹ̀, kókó rẹ̀ sì kan gbòǹgbò kan tó rí págunpàgun bí ẹ̀yìn ọ̀nì.

“Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbẹ̀.”

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo gbòǹgbò náà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ṣì yí i ká, ó sì ń fún un sí i. Èèpo kìíní bọ́, igi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èkejì bọ́, igi. Nígbà tí ẹ̀kẹta bọ́, ó rí èékánná kan. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni. Ó fi ìka kàn án, àtàǹpàkò náà sì mira.

Lókè, obìnrin náà mí kanlẹ̀, ewé ọdún púpọ̀ já bọ́ lára igi náà. “Yéè!” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ mi. Ó tutù. Ìyẹn ni pé mo ṣì wà délẹ̀.” Ó tú ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí sọ ẹni tí òun ń wá, ó na ìka sí ìhà ìlà-oòrùn, ó ní, “Àfonífojì tí kùrukùru rẹ̀ kì í ká ni kó o máa lọ. Ṣùgbọ́n má béèrè ju ohun tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bá gbà láti fi hàn ọ́ o.”

Ọdẹ́jìnmí dé àfonífojì náà ní ìyálẹ̀ta. Kùrukùru kún inú rẹ̀ bámúbámú bí omi ṣe ń kún àwo. Ní bèbè rẹ̀, òfì kan wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró sì jókòó tì í.

Òkìtì aṣọ ló yí i ká, èyí tó ga ju ilé lọ. Aláǹtakùn bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń ran òwú láti ara igi bọ̀ wá sí ọwọ́ rẹ̀, òwú náà sì ní àwọ̀ aró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rẹ ẹ́. Àwẹ̀ró ti rù, ìka rẹ̀ ti bó. Nígbà tí ó rí ọkọ rẹ̀, kò kígbe. Ó kàn gbé ọwọ́ kúrò lára òfì.

“Bàbá Ìbíyẹmí,” ni ó wí, “ṣé ọmọ ń jẹun?”

“Ó ń jẹun. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwẹ̀ró ṣàlàyé fún un. Ẹni-Àìrí ni ó ń gbé inú kùrukùru náà, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń pe ara rẹ̀. Ó ní kí òun hun aṣọ fún un, aṣọ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá tí ìlú ṣèlérí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun láṣẹ láti gé e. Bí ó bá kúrú tàbí tí ó bá gùn jù, Ẹni-Àìrí yóò tú gbogbo rẹ̀ ká, òun ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òwú kìíní. “Mo ní kí wọ́n na apá kí n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ẹni tó bá rí àwọn, ojú rẹ̀ á fọ́. Mo ti hun ún títí, Bàbá Ìbíyẹmí. N kò mọ ibi tí mo máa gé e.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí kùrukùru fi mì, ohùn tí wọ́n gbọ́ ní Ìdí-Èlú sì jáde láti inú rẹ̀.

“Ọdẹ, wá mú ìyàwó rẹ lọ bí o bá mọ ìwọ̀n mi. Ẹ̀yin lẹ ṣèlérí, ẹ̀yin ni kí ẹ wọ̀n mí.”

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Baba, ìlú mi ṣe ohun tí kò dára sí yín. N kò wá wí àwíjàre. Mo fẹ́ kí ẹ na ohun kan fún mi láti inú kùrukùru yẹn. Kì í ṣe apá, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìka kan péré.”

Aláǹtakùn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tó yá, kùrukùru là díẹ̀, ìka kan sì yọ jáde, ó gbé ara rẹ̀ lélẹ̀ lórí koríko níwájú wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń ṣọ́ra kó má baà tẹ èèrà pa. Ó tóbi bí ìtí igi. Èékánná rẹ̀ dà bí àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà, ìlà ara rẹ̀ jìn bí poro oko. Lórí ìka náà, wọ́n fi aṣọ kékeré kan wé e, ó ti gbó, ó ti ya, bí ìgbà tí ènìyàn fi àkísà di egbò.

Àwẹ̀ró mọ aṣọ náà. Ó bú sẹ́kún.

“Èmi ni mo gé e,” ni ó wí. “Wọ́n ní kí n gé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi ni ó mú ọ̀bẹ. Mo mọ̀ pé kò dára. Ẹ forí jì mí.”

Ohùn náà ní, “Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo fi wé ìka mi kí n má baà gbàgbé. Tú u kúrò fún mi.” Ohùn náà kò le mọ́. Ohùn ẹni tó ti dá wà pẹ́ ni.

Àwẹ̀ró tú u. Ọdẹ́jìnmí sì súnmọ́ ìka náà. Ó ya ọwọ́ rẹ̀ gbàgà, ó fi lé ìbú rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan etí kan, ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kan etí kejì. Ọwọ́ yíyà kan gééré.

Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìka mi méjìlá ni ọwọ́ yíyà kan. Ìka wọn kan, ìka tèmi méjìlá. Bí ìka bá jẹ́ méjìlá, àtẹ́lẹwọ́ á jẹ́ méjìlá, ìgbọ̀nwọ́ náà á sì jẹ́ méjìlá. Ìgbọ̀nwọ́ wọn mẹ́wàá, ọgọ́fà tèmi ni. Ìbú mẹ́ta, mẹ́rìndínlógójì.”

Àwẹ̀ró nu ojú. Ó sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀. “Bí ó bá jẹ́ pé ìka wọn ló kàn sanra ńkọ́? Ẹ ò rí apá wọn. Ẹ ò rí ẹsẹ̀ wọn.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti mú Ọdẹ́jìnmí. Òótọ́ ni, kò rí wọn. Ohun tó ní kò ju ọba kékeré kan tó sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó mira lábẹ́ èèpo igi. Ó sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró bí ó ti ṣẹlẹ̀, láìfi kún un. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán, ó wo ìka ńlá náà, ó wo ìka tirẹ̀ tó ti bó.

Ó ní, “Ẹ na apá yín.”

Ìgbọ̀nwọ́ méjì ni aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ó hun fẹ̀. Wọ́n to méjìdínlógún pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aláǹtakùn sì rán an pọ̀ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Ọdẹ́jìnmí rákò lórí aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé apá lélẹ̀, ó ń gbé e kúrò, Àwẹ̀ró ń fi èédú sàmì tẹ̀lé e, ó sì ń kà. Ní ọgọ́rin, awọ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ní ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sórí aró, kò hàn. Ní ọgọ́fà, ó dúró, ó sì na ọ̀bẹ sí ìyàwó rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé kò ní gbà kí ẹlòmíràn gé e.

Àwẹ̀ró ní, “Ọwọ́ yìí náà ni.” Ó gé e láti etí kan dé etí kejì, ó rìn tẹ̀lé ọ̀bẹ náà, kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sínú kùrukùru bí odò tí ń ṣàn padà. Ó wọ́ títí ó fi wọlé tán. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ bí ó ti ń yí ohun kan ká, bí ìró ìjì nínú oko ọkà. Tọkọtìyàwó náà di ara wọn mú.

Ohùn náà wá ní, “Ó bá mi mu.”

Kùrukùru sì ká. Ọ̀kan kò kù níbẹ̀. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ojú ọkọ rẹ̀ kó má baà fọ́, Ẹni-Àìrí sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ kọjá lórí igbó bí òjò tí ń bọ̀. “Ẹ wò mí. Ojú yín kò ní fọ́. Mo wí bẹ́ẹ̀ nítorí pé n kò ní aṣọ.”

Ó dìde nàró. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá igi, ìbàdí rẹ̀ tẹ̀lé e, àyà rẹ̀ tẹ̀lé e, títí orí rẹ̀ fi wà níbi tí àṣá ń fò sí. Aṣọ náà bò ó láti èjìká rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dán ní aró-aró lójú oòrùn. Òjìji rẹ̀ bo àfonífojì mọ́lẹ̀ dé òkè òdìkejì. Ọdẹ́jìnmí sọ fún mi pé ìbẹ̀rù kọ́ ni ohun tó ṣe òun, ó ní òun kò tíì rí orúkọ tí òun lè pè é. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé ẹni gíga yìí ń wo apá aṣọ rẹ̀, ó ń yí ara rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, bí ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ fún.

Ó ní, “Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọjá níbí nígbà tí òkè wọ̀nyí ṣì rọ̀. Wọ́n ń lọ wo òkun. Wọ́n pè mí, mo ní kí wọ́n máa lọ, n kò lè dìde níhòòhò láàárín ènìyàn. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi orí ìka yẹn kan àwọn méjèèjì lórí, fẹ́rẹ́. “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ó sì yíjú sí ìhà gúúsù, ó ń lọ. Ilẹ̀ ń dún lábẹ́ rẹ̀, ẹyẹ gbogbo igbó tú jáde, wọ́n ń fò yí i ká. Wọ́n wò ó títí ó fi kéré, títí ó fi di ìlà aró kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run.

Ọdẹ́jìnmí àti Àwẹ̀ró délé. Ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ kò gùn: ó dọ̀bálẹ̀ fún Àwẹ̀ró lójú gbogbo ìlú, Àwẹ̀ró ní kó dìde. Ṣùgbọ́n títí obìnrin náà fi kú, kò gé aṣọ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ na apá rẹ̀ fún un, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe alágbe.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti dé àfonífojì yẹn. Mo dá lọ ni, èmi tí kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà. Àwọn ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òjò ti sọ wọ́n di adágún, ẹja wà nínú wọn, òṣíbàtà ń tanná lójú omi. Mo bọ́ sínú àkọ́kọ́, mo fi apá mi wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò. Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́jọ ni. Mo fẹ́ fọ́nnu fún un, ẹ mọ̀ mí. Mo gbójú sókè kí n wá ibi tí ipa ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn wà, mo wá a títí, kí n tó rí i tó ń kọ mànà ní òkèèrè, níbi tí ọ̀pẹ ti dà bí koríko. Mo dúró sínú omi náà, mo sì ṣí fìlà mi.

Ẹ máa lọ sílé o. Ẹnu mi ti sọ ibi tí ojú mi dé, ìyókù, ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé débẹ̀.